Pópó Àgùdà ní Ìlú Èkó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà ní Èkó kì í ṣe àjèjì. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl ni wọ́n, àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ ra ara wọn padà, wọ́n sì tún la òkun bọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní ọdún 1835. Àwọn tí ó dé Èkó tẹ̀dó sí ìhà Kakawa, Bamgbose àti Igbosere.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n rù bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Ẹ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni Àgùdà mọ̀! Ní Kakawa, João Esan da Rocha ń ta omi kànga fún ará ìlú, ni a fi mọ ilé rẹ̀ sí Ilé Omi.

Èyí tí ó dùn wá jù ni Ilojo Bar, lẹ́bàá Tinubu. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí òfin ń dáàbò bò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsán, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà ní àwọn ìlú òkè tí ọ̀wọ̀n àti ọnà ojú fèrèsé wọn jọ ti Pópó Àgùdà. Ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ wò wọ́n, kí wọ́n sì yà wọ́n sínú ìwé, nígbà tí wọ́n ṣì wà lóòró.