Kí ẹ tó fi Piriton lé kódíìnì

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń mu kódíìnì rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kì í pẹ́ tí imú á fi bẹ̀rẹ̀ sí yún wọn, á kan ọrùn, á kan gbogbo ara, wọn á wá máa họra bí ẹni tí wèrèpè bà lára. Ọ̀rẹ́ kan á ní, "Fi Piriton méjì lé e, á lọ." Ìyún náà á lọ lóòótọ́. Ohun tó máa bá a lọ ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi òru kàwé.

Histamine ló ń fa ìyún yẹn. Inú ara wa ló wà. Kódíìnì ló lé e jáde lábẹ́ awọ, òun náà ni Piriton sì ń dá lọ́wọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n histamine tún wà nínú ọpọlọ, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ sì yàtọ̀. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ ká lajú sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń lu ìlù ìdágìrì bí wàhálà bá dé. Piriton àti promethazine tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dé inú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kun ẹni tó bá lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ààfin ṣàlàyé, ó ṣe tán, Ọ̀yọ́ la wà. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó dà bí ààfin. Bí ibà bá kọluni, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí tírélà bá ṣàdédé yọ síni lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ààfin yìí á rán ìlàrí sí wóró kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn náà á rán tirẹ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ẹran kéékèèké méjì tó gun orí kíndìnrín bí fìlà. Àwọn ló ń tú cortisol jáde, họ́móònù tó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá wálẹ̀ jù. Histamine á máa sọ fún ààfin pé kó ránṣẹ́. Ara sì tún ní oògùn ìrora tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Hughes àti Kosterlitz, kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní Aberdeen ní 1975. Ìyẹn ló ń sọ pé ó tó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé láti ara èròjà kan náà ni ara ti ń gé ìlàrí tó ń pe cortisol àti endorphin tó ń pẹ̀tù sí ìrora. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Orí àga àwọn apẹ̀tù yìí ni kódíìnì àti tramadol tó jẹ́ irú rẹ̀ wá jókòó sí. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, ààfin lè ṣíwọ́ ìránṣẹ́. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé irú oògùn wọ̀nyí lè mú kí cortisol má tó mọ́. Àárẹ̀, èébì, àìlèjẹun, òòyì bí èèyàn bá dìde: ta ni kò ní pè é ní ibà? Ọ̀pọ̀ á tún ra tramadol sí i láti fi lé àárẹ̀ náà. Ọjọ́ tí àìsàn gidi tàbí iṣẹ́ abẹ bá wá dé, tí ara ké pe cortisol, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Ìwádìí kan tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wa gbé jáde lórí ọdún 2018 fi hàn pé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nǹkan bí ènìyàn 23 nínú 100 ló ti lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀ kò ju 14 àti díẹ̀ lọ. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkódíìnì. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ wa, kò sì fọwọ́ sí tramadol tó ju 100 miligíráàmù lọ, síbẹ̀ 225 kò ṣàjèjì lójú títì.

Kódíìnì ń dín èémí kù, Piriton ń fi oorun kún un, ògógóró á wá parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò jí mọ́, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Naloxone tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lè lé kódíìnì kúrò lórí àga. Kò rí nǹkan kan ṣe sí Piriton. Ẹ̀yin ìyá náà, promethazine kì í ṣe oògùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ì báà sunkún mọ́jú.

Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, kó má dédé jáwọ́ lónìí. Bí apẹ̀tù bá kúrò lójijì, gbogbo ìlù ìdágìrì á dún pọ̀: àyà á máa já, òógùn á bo ara, oorun á dá. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, yálà nílé ìwòsàn LAUTECH, ti Bowen tàbí ti ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Ẹ sọ iye tí ẹ ń lò lóòjọ́ àti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ lẹ bá lọ. Bí ojú bá ń tì yín níwájú ẹbí, ẹ ní kí wọ́n bọ́ síta ná. Ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.