Iṣan Ẹsẹ̀ Tó Ń Wú: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Mọ̀



Ìdúró ọjà ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí. Ọ̀kan nínú àwọn elẹ́ja wa, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹta, fi ẹsẹ̀ gbá etí páànù. Ojú ibi tó bẹ́ kò ju orí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ. Ariwo sọ. Ẹnì kan fi gèlè so ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, àwọn mìíràn gbé e jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nọ́ọ̀sì kan tó wá ra ẹja ló ní kí wọ́n tú gèlè, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà rẹ̀ lọ. Ó ká aṣọ mímọ́, ó fi tẹ ojú ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín tajà: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn rí, pàápàá ẹni tó dá wà nílé.

Kí ló ń fà á? Àwọn kan á ní oògùn ni wọ́n tẹ̀. Kì í ṣe oògùn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn, òkè náà sì ga. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan tó ń gbé e, òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Bí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á fún iṣan, ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ilẹ̀kùn á sì padé kó má baà já wálẹ̀. Bí a bá dúró sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tí a jókòó sórí àpótí láìmi ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé síbẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ti wá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn padà, iṣan á wú, á lọ́ bí okùn. Ìdúró nìkan kọ́ o. Ó máa ń wà nínú ìdílé, oyún ń fà á, ara sísan àti ọjọ́ orí náà ń dá kún un. Ti aboyún sábà máa ń dín kù lẹ́yìn ìbímọ, nítorí náà kí ó ní sùúrù.

Iṣan tín-ín-rín tó ń ta bí òwú aláǹtakùn lára itan yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀ràn ẹwà ni ìyẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, a ò sì rò pé ó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ná owó àjọ. Bí ẹnì kan bá ní òun á fi léésà pa á rẹ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge, ẹ ṣọ́ra. Àwọn irú léésà kan máa ń jó àwọ̀ dúdú. Èyí tó bá àwọ̀ wa mu wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ló yẹ kó wà.

Ní ti iṣan tó wú, ẹ máa rìn yí ìsọ̀ yín ká, ẹ máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, bí ogún ìgbà, nígbà tí oníbàárà kò bá sí. Tí ẹ bá délé, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Lẹ́yìn èyí ni sọ́ọ̀kì tó ń fún ẹsẹ̀. Conrad Jobst, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí iṣan ẹsẹ̀ ń dà láàmú, rí i pé ara máa ń tu òun bí òun bá dúró nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí pé omi ń fún ẹsẹ̀, ó sì ń fún ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ó ṣe sọ́ọ̀kì tó ń ṣe bíi ti omi: ó le lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń dẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Sọ́ọ̀kì agbábọ́ọ̀lù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, rọ́bà tí a so mọ́ orúnkún tún ń ba nǹkan jẹ́ ni. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ni à ń wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé oòrùn Èkó kò jẹ́ kó rọrùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́, torí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹsẹ̀ kò bá tó, sọ́ọ̀kì náà lè pa á lára.

Ṣùgbọ́n ìrora ni sọ́ọ̀kì ń dín kù, kì í tún ilẹ̀kùn ṣe. Ìdí nìyí tí àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà fi ní, lọ́dún 2013, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ooru dí iṣan náà pa láti inú. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oníhòòhò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa iṣan náà yọ. Abẹ́rẹ́ yẹn lè fi àbààwọ́n dúdú sílẹ̀ lára wa. Ẹ ó béèrè pé, tí wọ́n bá dí iṣan, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà? Iṣan ńlá wà nísàlẹ̀ nínú ẹran, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwa tí à ń gba ọ̀nà Badagry mọ̀ pé tí apá kan bá bàjẹ́, mọ́tò á bọ́ sí èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ya àwòrán iṣan kọ́kọ́, láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣí. Iṣan mìíràn tún lè wú lọ́jọ́ iwájú.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni egbò. Tí ẹ bá rí i pé awọ ìtòsí ọrùn ẹsẹ̀ ń dú sí i, tó ń le, tó ń yún yín, egbò ti fẹ́ yọ nìyẹn. Àwọn kan nínú wa ti fi irú rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń wọ́n àgúnmu sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, tí wọ́n ṣe lára èèyàn 450 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé nígbà tí wọ́n tètè dí iṣan tó bàjẹ́ náà, tí wọ́n sì di báńdééjì tó ń fún ẹsẹ̀, ìdajì wọn ti jinná láàárín ọjọ́ 56. Ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ di báńdééjì nìkan gba ọjọ́ 82. Àtọ̀gbẹ àti fòníkú-fọ̀la-dìde náà ń fa egbò ẹsẹ̀, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti yín.

Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ìsàlẹ̀. Tí èémí bá tún ń há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Fún ìyókù, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, bíi LUTH ní Ìdí-Àrábà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ti àwòrán àti ti sọ́ọ̀kì pẹ̀lú.