Sí Ọkọ Tí Ìyàwó Rẹ̀ Ń Lo Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Ọmọ mi, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ imatinib, láti 2003 ni àwọn aláìsàn sì ti ń rí i lò ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ yóò máa lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ wà. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá ni kí o fojú sílẹ̀ jù, torí ìgbà náà ni yóò fẹ́ pa oògùn tì. Má ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá o. Bu oúnjẹ, gbé omi ka iwájú rẹ̀, kí o jókòó tì í.

Ìyá rẹ lè gbé àgbo wá. Gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ má fún ìyàwó rẹ mu láìbi dókítà. Oògùn náà lè mú kí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú láàárọ̀, kí iṣan ẹsẹ̀ sì máa fà á. Bá a fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru, má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Níwọ̀n ìgbà tó bá ń lo oògùn yìí, ẹ má wá oyún láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Bí àwọn ẹbí bá ń béèrè ọmọ, ìwọ ni kí o dá wọn lóhùn, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀.