Ìrántí Olùgbọ́ àti Àwo Orin: Ẹ̀kọ́ Kan fún Olùkọ́ Ìtàn

Àwọn baba wa wí pé: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni ní ìtàn wò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a óò ti mú àpẹẹrẹ wa.

Ní ọdún 1949 ni ìwé ìròyìn Billboard bẹ̀rẹ̀ sí pe àwo orin àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ ní rhythm and blues. Ṣáájú èyí, "àwo ti ẹ̀yà" ni a ń pè é. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwo ẹlẹgẹ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ nìyẹn. Ìrántí ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó kù. Ǹjẹ́ ìrántí náà tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wo "Hound Dog". Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ yóò ní ti Elvis Presley ni, nítorí lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ ní 1956. Ṣùgbọ́n àwo ń jẹ́rìí pé Willie Mae Thornton, tí a ń pè ní Big Mama, ti kọ ọ́ ní 1952. Nígbà tí ó jáde ní 1953, ọ̀sẹ̀ méje ni ó fi ṣe ipò kìn-ín-ní láàrin àwo rhythm and blues.

Èkejì ni "Rocket 88", tí a gbà sínú àwo ní Memphis ní 1951. Orúkọ Jackie Brenston àti Delta Cats ni a tẹ̀ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ike Turner ni ó lù ú. Ẹnu àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn ni a ti gbọ́ èyí. Wọ́n tún sọ ìdí tí gìtá inú rẹ̀ fi ń kùn: ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn rẹ̀ jáde ti bàjẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹnu kò kò: àwọn kan ní ó já bọ́ lórí ọkọ̀, àwọn mìíràn ní òjò ni ó pa á.

Ọ̀ràn yìí ju ti orin lọ. Bí olùkọ́ bá gba ẹyọ ẹ̀rí kan ṣoṣo, ó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn, àwọn ọmọ yóò sì gbé àṣìṣe náà dàgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, níbikíbi tí a bá rán wa lọ kọ́ni, ẹ jẹ́ kí a rán àwọn ọmọ sí àwọn àgbà láti bi wọ́n léèrè orin ìgbà èwe wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti sọ ọ́, kí wọ́n sì fi wé àwo àti ìwé. Kí a má já àgbà nírọ́. Kí a má sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìwádìí.