Ọyẹ́ Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń yí òru àti ọ̀sán padà, tí ó fi òjò sí ààyè rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀ẹ̀rùn sí ààyè tirẹ̀.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n a máa ròyìn fún wa pé yìnyín bo ilẹ̀, pé omi dì. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré yóò wá dáhùn pé, "Ẹ̀yin ni ẹ mọ òtútù. Tiwa níbí kò ju ọyẹ́ lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni ọyẹ́, nítorí ọdọọdún ni ó ń wá. Kí ló dé tí ó fi ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa lójijì?

1. Níbo ni ọyẹ́ ti ń wá?

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Òun ni ó ń gbé òjò wá. Ìkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà oòrùn. Òun ni ọyẹ́. Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun a máa ti ẹnìkejì rẹ̀ padà títí dé etí aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kọkànlá, agbára a bọ́ sí ọwọ́ afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀, yóò sì máa lé ti òkun padà títí yóò fi sún mọ́ etíkun.

Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé bọ̀ ni ó ti ibi kan tí à ń pè ní Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, láàárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́ ni ibẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́ lé ní 1,500 kìlómítà. Nítorí náà, eruku tí ẹ ń nù kúrò lórí tábìlì ní ìdájí, àlejò ọ̀nà jíjìn ni.

2. Ṣé yìnyín lè bọ́ ní ọ̀dọ̀ wa?

Kí yìnyín tí ó funfun bí òwú tó lè dúró lórí ilẹ̀, òtútù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé bíi òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kí omi sì wà nínú afẹ́fẹ́. Òru ọyẹ́ tí ó mú ní Èkìtì lè wálẹ̀ dé bíi ìwọ̀n 16 tàbí 18. Bí ó bá di ọ̀sán, ooru a tún lé ní 30. Ọyẹ́ kò sì ní omi nínú. Yìnyín tí a máa ń ṣà jẹ nígbà èwe, inú òjò alátẹ́gùn ti oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ó ti ń bọ́. Òkè réré ni ó ti dì kí ó tó já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ooru nìkan ni aṣálẹ̀ mọ̀. Yìnyín funfun bo iyanrìn Sàhárà ní ìlú Aïn Séfra ní Algeria ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó sì tún bò ó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018.

Kí ló wá fà á tí ọyẹ́ fi ń ta wá lára tó bẹ́ẹ̀? Èkíní, ìkùukùu ojú ọ̀run dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aṣọ yìí kì í sí, gbogbo ooru ọ̀sán a sì fò lọ ní òru. Èkejì ni gbígbẹ afẹ́fẹ́ náà. Ẹ wo àmù ilé wa: nígbà ọyẹ́ ni omi rẹ̀ ń tutù jù. Omi tí ó ń yọ lára àmù ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà lọ, ó sì ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe ara ẹni tí ó wẹ̀ tán tí ó dúró síta. Òun náà ni ó ń mú kí ètè bẹ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ sì là.

3. Ohun tí a lè máa retí

Ní gúúsù Èkìtì tí igbó wà, ọyẹ́ kì í dúró pẹ́ bí ti òkè Ọya. Yóò wá fún ọjọ́ mélòó kan, yóò fà sẹ́yìn, yóò tún padà. Láàárín oṣù kejìlá àti ìparí oṣù kìn-ín-ní ni ó sábà máa ń le jù, ó sì lè wọ oṣù kejì. NiMet, àjọ ìjọba tí ó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ wa, a máa kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ máa gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn òbí yín. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ tún ní àmì tiyín: bí àpáta Olósùnta bá ti pòórá lójú yín ní òwúrọ̀, kí ọlọ́kadà tan iná, kí ó sì dẹ eré.

4. Àwọn tí ọyẹ́ ń bá jà jù

Àwa náà ti ṣe àṣìṣe. Ní ìpàgọ́ òpin ọdún kan, a jí gbogbo ènìyàn ní òru fún ìrun, a sì ní kí gbogbo wọn fi omi kànga wẹ̀. A pe ẹni tí ó bá lọ́ra ní ọ̀lẹ. Arábìnrin kan nínú wọn ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ojú sì ń tì í láti sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń ké pé egungun òun ń fọ́. Ilé ìwòsàn ni a bá a dé. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí a kò rántí igbe náà.

Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé. Òtútù a mú kí iṣan fún pọ̀, àìmu omi tó a mú kí ẹ̀jẹ̀ náà ki, ni ọ̀nà á bá dí. Ẹ jẹ́ kí ó wọ aṣọ tí ó nípọn, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó má fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Bí ìrora bá dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée náà kò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ eléruku láìfi aṣọ bo imú.

5. Àlùwàlá àti ìwẹ̀ nínú òtútù

Ẹ̀sìn wa kò ní kí a fi òtútù pa ara wa. Nígbà ogun Dhaatus-Salaasil, Amru ọmọ Al-Aasi jí ní òru olótùútù kan, ìwẹ̀ jànábà sì di dandan fún un. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ̀, òun lè kú. Ó ṣe tayamọ́mù, ó sì ṣíwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kírun. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó bi í léèrè. Amru dáhùn pé òun rántí pé Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ara wa. Ànábì rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí.

Èyí kì í ṣe àyè fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ní igi ìdáná àti ìkòkò. Kí onítọ̀hún gbé omi kaná. Fún aláìsàn tí omi lè pa lára ni ìrọ̀rùn náà wà.

6. Ṣọ́ra fún iná

Ẹ má ṣe gbé èédú tí ń jó wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Èédú ní májèlé tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú oorun ni ó ń pa ènìyàn sí. Nínú oko, ẹ má ṣe torí òkété kan fi iná sí igbó. Ní ọdún 1983, nígbà ọ̀dá, irú iná báyìí jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní Gáná. Kòkó tí ó jóná lónìí, ọdún mélòó kan ni ẹni tí ó bá tún un gbìn yóò fi dúró kí ó tó so.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Ta ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wa tí òtútù lè pa lára, báwo ni a ṣe lè bi í láìdójú tì í?
(b) Ta ni yóò máa kaná omi àlùwàlá Àsùbáà fún àwọn arúgbó mọ́sáláṣí wa?
(d) Yàrá wo ní àdúgbò yín ni èédú ń sùn sí?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a la ọyẹ́ ọdún yìí já pẹ̀lú àlàáfíà. Àmín.