Kábúrétọ̀ Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Ìjàpá Tí A Fi Ń Rìnrìn Àjò?

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe n'Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ pé kábúrétọ̀ ńlá ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ọkọ̀ ìdíje. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí yóò ti Mọ̀níyà lọ sí Lálúpọn, tí yóò kọjá sí Ẹgbẹ́dá, tí yóò tún wọ ọ̀nà eléruku lápá Akanran, ohun mìíràn ni ìṣirò tí a kọ́ ní kíláàsì ń sọ. Ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ọkọ̀ tí à ń wí

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Lálúpọn, ní Volkswagen Beetle, èyí tí a mọ̀ sí ìjàpá. Irú rẹ̀ ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1,584 cc. Solex 34 PICT-3 ni kábúrétọ̀ rẹ̀. Òun ni Bàbá fi ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ wọn wò láti abúlé dé abúlé.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń kú ní oríta. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní kí wọ́n ra Weber méjì. Owó rẹ̀ yóò gbé ju ìdajì owó kòkó wọn lọ. Bàbá ní, "Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, bá mi ṣírò ó kí n tó náwó."

Ìṣirò

Kábúrétọ̀ kì í ti epo jáde fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà gba ọ̀fun tóóró kan kọjá. Bí ọ̀fun náà bá ṣe há sí ni afẹ́fẹ́ ń sáré sí. Bó bá sì ń sáré, ìfúnpá rẹ̀ á lọ sílẹ̀, epo á ru jáde láti inú jẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí Daniel Bernoulli tẹ̀ jáde ní 1738 ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìyípo méjì ni ẹ́ńjìnì yìí fi ń fa 1.584 lítà. Bó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì tẹ tọ́tùù mọ́lẹ̀ pátápátá, 2,376 lítà ló yẹ kó fà. Sílíńdà kì í kún tán. Bí a bá fi í sí ìdá 80 nínú 100, ó di nǹkan bí 1,900 lítà. Ọ̀fun Solex yìí fẹ̀ ní mìlímítà 26, nítorí náà afẹ́fẹ́ yóò máa sáré tó mítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀fun bá di mìlímítà 36, eré yẹn á já sí mítà 31. Bẹ́ẹ̀, bí eré bá di ìdajì, ìfà tó ń gbé epo sókè á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní eré pẹ̀lẹ́ ọ̀nà oko, epo kò ní fọ́n dáadáa, ọkọ̀ á máa kọ́sẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ kíyè sí i: 34 tí wọ́n kọ sára Solex kì í ṣe ọ̀fun. Fífẹ̀ ojú ibi tí ìlẹ̀kùn tọ́tùù wà ni.

Ohun mẹ́ta tí a lè yàn

1. Solex kan ṣoṣo: kò le láti tún ṣe, mẹkáníìkì púpọ̀ sì mọ̀ ọ́n.

2. Weber 32/36: ọ̀fun méjì nínú ara kan. Èkíní ń ṣiṣẹ́ ní eré pẹ̀lẹ́; èkejì ń ṣí nígbà tí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀. Ó dára fún ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù gun òkè, ṣùgbọ́n a ó wá páìpù tó bá a mu, a ó sì tún jẹ́ẹ̀tì yàn.

3. Kábúrétọ̀ méjì, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan: ó lágbára, ṣùgbọ́n méjèèjì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Bí gẹ́lógẹ́ló bá yẹ̀ wọ́n nípò, ta ni yóò bá yín tò ó lójú ọ̀nà Akanran?

Ohun tí a ṣe

A kọ́kọ́ tú Solex náà. Ọ̀pá ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹ, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú ní oríta. Abẹ́rẹ́ tó ń dí epo kò dí i mọ́. Ibẹ̀ ni epo ń bá lọ. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ṣe búṣì tuntun sí i, a pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti gásíkẹ́ẹ̀tì, a fọ filtà. Lẹ́yìn ìrìn àjò kan, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní àwọ̀ búráùn. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá funfun, epo kò tó. Èyí ló léwu jù fún ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, pàápàá sílíńdà kẹta, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. A tún pààrọ̀ rọ́bà epo tó ti sán, nítorí iná ni ìyẹn ń dá sílẹ̀. Owó kòkó tó ṣẹ́ kù, Bàbá fi ra táyà, wọ́n sì fi tún bíréèkì ṣe.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún Peugeot 504 oní 1,971 cc. Ní ìyípo 3,000, ẹ ó rí nǹkan bí 2,365 lítà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó ra nǹkan kan: ṣé èyí tó wà lórí ọkọ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́? Eré wo ni mo sábà máa ń sá? Ta ni yóò tún un ṣe níbi tí mò ń lọ?