Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe: Àwọn Òṣèré Abúlé Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí nínú ilé àti nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú eré. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé olú ẹ̀dá-ìtàn nìkan ni ó ni eré. Wọn a mọ orúkọ rẹ̀, wọn a sì gbàgbé àwọn ìyókù. Nínú àyọkà yìí, ẹ jẹ́ kí a wo eré tẹlifíṣọ̀n kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ogun, kí a sì wo àwọn tí ó gbé e ró.

Ní oṣù keje ọdún 1967 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ó parí. Ojú ogun jìnnà sí Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 1967 kan náà, àdó olóró bú ní Èkó. Ní Yaba, ní Surulere àti ní Mushin, onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé ojúlé kan náà, tí wọ́n sì ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí ogun bá dé, ìfura ni í kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí a jọ ń jẹun lánàá, a ó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

Àárín ogun yìí, ní ọdún 1968, ni tẹlifíṣọ̀n NBC ní Èkó gbé eré kan jáde tí ó ń jẹ́ The Village Headmaster, èyí tí a lè pè ní Ọ̀gá Ilé-Ìwé Abúlé. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ìbàdàn ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ti NBC sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1962. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ẹ̀rọ náà. Bí onílé bá ní ọ̀kan, àwọn ayálégbé a wá jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Orí rédíò ni eré yìí ti kọ́kọ́ wáyé kí ó tó bọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, ẹni tí ó di aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Ethiopia lẹ́yìn náà. Ogún ọdún ni eré náà lò, títí di ọdún 1988.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni eré tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí a bu pijin àti Yorùbá lé, ń wá nínú ìwé Yorùbá? Ìdáhùn kò ṣòro. Ìlú Yorùbá ni a tẹ̀ dó sínú rẹ̀. Ọjà ni orúkọ abúlé náà. Ó ní ọba, ó ní àwọn ìjòyè, ó ní ilé-ìwé. Ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bí ó bá rí bí wọ́n ti ń wárí fún Kábíyèsí, yóò mọ ilé ẹni tí òun wà.

Eré náà kì í ṣe eré ogun. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ààfin, àti àáwọ̀ láàárín aládùúgbò ni ó ń dá lé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Bassey Okon wà níbẹ̀, orúkọ tí etí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ìhà Calabar. Jab Adu ni ó kó ipa rẹ̀. Tíṣà Garuba wà níbẹ̀, orúkọ ará òkè Ọya. Joe Layode ni ó kó ipa tirẹ̀. Wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn, wọ́n ń bínú, wọ́n sì tún ń padà wá jókòó pọ̀. Eré kò lè dá ọta ìbọn dúró, a kò sì gbọdọ̀ purọ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó gbé àwòrán ìgbé-ayé pọ̀ sí iwájú àwọn ènìyàn ní àkókò tí wọ́n fẹ́ gbàgbé bí ó ti ń rí.

Wàyí o, ta ni ó gbé eré yìí ró? Bí a bá ní ọ̀gá ilé-ìwé ni, nítorí òun ni a fi sọ orúkọ eré, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ted Mukoro ni ó kọ́kọ́ kó ipa náà. Fẹ́mi Robinson gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Justus Esiri, ọmọ ìhà Abraka ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Òpó ilé yí padà, òrùlé kò jìn. Kí ló dé? Ìdí ni pé àwọn òpó mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Déjúmọ̀ Lewis jókòó lórí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí Kábíyèsí, Ọlọ́jà ti Ọjà. Elsie Olúṣọlá ni Sisi Clara. Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Eleyinmi, ó sì kó ipa ìjòyè náà débi pé orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin yìí gorí oyè ní tòótọ́: ó di Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ.

Èyí tí ó yà ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni ti Amẹ́bọ. Obìnrin olófòófó ni nínú eré náà. Ipa rẹ̀ kò tó ti ọ̀gá, kò sì tó ti ọba. Síbẹ̀, lónìí, bí ẹnì kan bá ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ní ọjà Mushin tàbí nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Ojúẹlẹ́gba, amẹ́bọ ni wọn yóò pè é. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń pe orúkọ náà ni a kò tíì bí nígbà tí eré náà parí. Ipa kékeré kan ti di ọ̀rọ̀ nínú èdè gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá pé kí ni amẹ́bọ, gbogbo wọn ni yóò dáhùn. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ni ó kó ipa náà, ẹ ó rí i bí wọn yóò ti dákẹ́. Ìbídùn Allison ni orúkọ rẹ̀. Òṣèré tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tí ó ń ṣe. Tiwa ni láti wá a rí níbẹ̀, kí a sì dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń wo eré, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nìkan. Ẹ wo ẹni tí ó gbé ọtí wọlé, ẹ wo ẹni tí ó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo bí ìjòyè ti ń mú ẹnu dúró títí ọba yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọwọ́ tí kò hàn náà wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè lórí àyọkà yìí
1. Kí ni ó mú ìfura wọ àárín aládùúgbò ní Èkó ní ọdún 1967?
2. Báwo ni ònkọ̀wé ṣe fi hàn pé ọ̀gá ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ó gbé eré náà ró?
3. Ṣe àlàyé gbólóhùn yìí: “Òpó ilé yí padà, òrùlé kò jìn.”
4. Kọ àròkọ kan lórí ẹni tí ipa rẹ̀ kéré ní ilé-ìwé tàbí ní àdúgbò rẹ, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yóò dàrú bí kò bá sí níbẹ̀.